Ohùn Olè Lẹ́nu Ayékòótọ́: Ìtàn Sinimá "The Unholy Three" ti Ọdún 1925

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédéé ni wọ́n jẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ohun olóhun, bí kò tilẹ̀ tíì na ọwọ́ sí i, ọkàn rẹ̀ ti jí i ná. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí ó kọ́kọ́ ń ṣe sinimá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1903, nígbà tí Edwin S. Porter gbé ìtàn àwọn adigunjalè ojú irin jáde nínú "The Great Train Robbery", ni wọ́n ti mọ̀ pé ìtàn olè máa ń fa èrò. Nínú gbogbo ohun tí olè sì lè jí, kò sí èyí tí ó bá ojú sinimá mu bí ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye. Ó kéré, ó ń dán, ó ṣeé fi pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹni tí ó bá sì rí i kò ní béèrè ìdí tí ẹnìkan fi fẹ́ kí ó jẹ́ tirẹ̀.

Nínú àwọn sinimá irú èyí tí wọ́n ṣe kí sinimá tó ní ohùn, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àti lítíréṣọ̀ mọ̀. Òun ni "The Unholy Three", èyí tí a lè pè ní "Àwọn Mẹ́ta Aláìmọ́" ní èdè Yorùbá. Ilé iṣẹ́ Metro-Goldwyn-Mayer ni ó gbé e jáde ní ọdún 1925. Ìtàn olè ni, ṣùgbọ́n ìtàn ohùn ni pẹ̀lú: ohùn tí ó ń purọ́, ohùn tí ó ń jẹ́rìí, àti ohùn tí ó dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Ohun ìyanu ibẹ̀ sì ni pé ìtàn ohùn yìí wáyé nínú sinimá tí kò ní ohùn rárá.

Sinimá kí ohùn tó dé

Ní ọdún 1925, òṣèré a máa la ẹnu, a máa mi orí, a máa ju apá, ṣùgbọ́n àwọn òǹwòran kì í gbọ́ nǹkan kan láti ẹnu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣe kókó ni wọ́n máa ń kọ sójú aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, kí àwọn ènìyàn lè kà á. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbọ̀ngàn máa ń pa rọ́rọ́. Ẹnìkan a máa tẹ dùùrù nísàlẹ̀ aṣọ náà. Ní àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá, odidi ẹgbẹ́ akọrin ni ó máa ń lu ohun èlò. Oṣù Kẹwàá ọdún 1927 ni "The Jazz Singer" jáde, tí orin àti díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré sì ti inú àwòrán fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1930, àwọn ilé iṣẹ́ Hollywood ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa sinimá aláìlóhùn tì pátápátá.

Nítorí náà, òṣèré ayé ìgbà náà ní láti fi ojú, ọwọ́ àti ìrìn sọ ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá ń ṣe olè ní láti jẹ́ kí òǹwòran rí ìgbà tí ìfẹ́ ohun olóhun wọ inú rẹ̀, kí ó rí i bí ó ṣe ń bá a jìjàkadì, kí ó sì rí ìṣẹ́jú tí ó ṣubú. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kan tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn tí ó ṣe é

Tod Browning ni adarí eré náà. Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù Keje ọdún 1880. Nígbà èwe rẹ̀ ni ó ti fi ilé sílẹ̀, tí ó bá àwọn eléré alárìnkiri lọ, àwọn tí ń pàgọ́ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń fi ìdán àti àwọn ènìyàn tí ìrísí wọn ṣàjèjì han aráyé. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni ó ń gbé wọ inú sinimá rẹ̀ títí tí ó fi ṣíwọ́ iṣẹ́.

Lon Chaney ni olórí òṣèré. Colorado Springs ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ọdún 1883. Bàbá àti ìyá rẹ̀, adití ni àwọn méjèèjì. Ọmọ tí ó dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìmọ bí ọwọ́ àti ojú ṣe ń sọ̀rọ̀. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé òun ni ó di ọ̀kan lára àwọn òṣèré tí òkìkí wọn kàn jù ní ayé sinimá aláìlóhùn. Òun ni ó ṣe abuké inú "The Hunchback of Notre Dame" ní ọdún 1923, òun náà ni ó sì ṣe ẹni tí ó fi ìbòjú bo ojú nínú "The Phantom of the Opera" ní ọdún 1925 kan náà tí "The Unholy Three" jáde.

Browning àti Chaney ti jọ ṣe sinimá olè tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1919, wọ́n ṣe "The Wicked Darling", ìtàn ọmọbìnrin ajáwọ́lápò kan tí ó gbé ẹ̀gbà ọrùn péálì tí ó jábọ́ lọ́rùn obìnrin ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1920, wọ́n ṣe "Outside the Law", níbi tí ọ̀rọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ jíjí tún ti dá wàhálà sílẹ̀. Èyí fi hàn pé "The Unholy Three" kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì yóò bi ara wọn léèrè ohun tí òkúta dídán lè sọ ènìyàn dà. Sinimá mẹ́wàá ni wọ́n jọ ṣe láàárín ọdún 1919 sí 1929.

Inú ìwé Tod Robbins tí ó jáde ní ọdún 1917 ni ìtàn náà ti wá, Waldemar Young ni ó sì kọ ọ́ fún sinimá. Yàtọ̀ sí Chaney, àwọn òṣèré yòókù ni Harry Earles, aràrá kan tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Jámánì. Victor McLaglen, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti jẹ́ ajàẹ̀ṣẹ́ rí, tí ó tilẹ̀ bá Jack Johnson, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba adé ajàẹ̀ṣẹ́ àgbáyé fún àwọn abara-wúwo, figagbága ní ọdún 1909. Mae Busch, tí wọ́n bí ní Australia. Àti Matt Moore, ọmọ ilẹ̀ Ireland.

Ìtàn inú sinimá náà

Ibi tí àwọn eléré ti ń ṣàfihàn ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Èkíní ni Echo, ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ láìmi ètè, tí ohùn rẹ̀ yóò sì dà bí ẹni pé ẹnu ọmọláńgidi tí ó gbé sórí itan ni ó ti ń jáde. Èkejì ni Hercules, alágbára tí ń gbé irin wúwo. Ẹ̀kẹta ni Tweedledee, aràrá tí àwọn ènìyàn ń sanwó láti wò. Bí Echo ti ń dá àwọn èrò lára yá, bẹ́ẹ̀ ni Rosie, olólùfẹ́ rẹ̀, ń já àpò wọn. Ní ọjọ́ kan, ọmọdé kan fi Tweedledee ṣe yẹ̀yẹ́. Inú bí i, ó ta ọmọ náà ní ìpá. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá dé, ọjà tú.

Echo wá dá ìmọ̀ràn kan. Ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa iṣẹ́ ọwọ́ wọn pọ̀, kí wọ́n di ẹgbẹ́ olè kan ṣoṣo. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ṣe ni pé wọ́n kó ọwọ́ jọ láti fi gbé ẹrù ẹlẹ́rù. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹyẹ. Echo wọ aṣọ obìnrin, ó fi irun funfun sórí, ó di ìyá àgbà oníwà pẹ̀lẹ́ tí ń jẹ́ O'Grady. Wọ́n wọ aṣọ ọmọ ọwọ́ fún Tweedledee, wọ́n sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Rosie di ọmọ ọmọ ìyá àgbà. Hector McDonald, ọ̀dọ́mọkùnrin aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí ó jẹ́ akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù náà, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó dojú kọ, ìfẹ́ Rosie sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ẹyẹ ayékòótọ́ ni wọ́n ń tà. Bí olówó bá wá yẹ ẹyẹ wò, ìyá àgbà yóò dúró nítòsí, ẹyẹ yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ènìyàn. Echo ni ó ń sọ ọ́. Nígbà tí oníbàárà bá gbé ẹyẹ délé, tí kò sì sọ ohunkóhun, yóò ránṣẹ́ pe ìyá àgbà. Ìyá àgbà yóò ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sí ilé ọlọ́rọ̀ náà, yóò wo ẹyẹ, "ọmọ ọwọ́" yóò sì wo ibi tí wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ sí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á padà wá.

Níbí ni Browning ti lo ọgbọ́n kan tí ó yẹ kí a kíyèsí. Nítorí pé òǹwòran kò lè gbọ́ ohùn ẹyẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sójú àwòrán nítòsí ẹnu ẹyẹ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nínú ìwé àwòrán ẹ̀fẹ̀. Òǹwòran a rí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹyẹ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ti olè ni. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń wo ibẹ̀ yóò rántí ìtumọ̀ orúkọ ẹyẹ náà. Ayé kọ òótọ́, nítorí pé ẹyẹ yìí kì í fi ohun tí ó gbọ́ pamọ́. Nínú sinimá yìí, wọ́n yí ìwà ẹyẹ padà: ẹyẹ tí ó yẹ kí ó tú àṣírí ni wọ́n fi ń bo àṣírí.

Ẹ̀gbà ọrùn àìsùn Kérésìmesì

Ẹ̀gbà ọrùn olókùúta pupa, èyí tí wọ́n ń pè ní rúbì, wà ní ilé ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Arlington. Wọ́n pinnu láti lọ jí i ní àìsùn Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ náà, Hector wá sọ́dọ̀ Rosie. Owú jẹ Echo. Kò fẹ́ kúrò nílé kí ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n sún olè jíjà náà síwájú.

Ibí yìí ni ìdánwò gbé wà. Hercules àti Tweedledee ti rí ọ̀nà, wọ́n ti mọ ibi tí ẹ̀gbà wà, ọwọ́ ń yún wọn. Olórí wọn kò sí níbẹ̀ láti dá wọn dúró. Wọ́n dá lọ. Nígbà tí wọ́n padà, ẹ̀gbà ti wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa Arlington. Olè ti di apànìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, kì í ṣe nítorí ebi, bí kò ṣe nítorí pé ojú kò lè kúrò lára ohun tí ó ń dán.

Nígbà tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, inú erin ìṣeré ọmọdé ni ẹ̀gbà náà wà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mú erin yìí lọ́wọ́, ó ń fi ṣeré, kò sì mọ ohun tí ó dì mú. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó lè mú kí àyà òǹwòran já ju bí ó ti já níbẹ̀ lọ. Láti bọ́ lọ́wọ́ òfin, àwọn olè gbé ẹ̀gbà náà lọ sí ibùgbé Hector. Ọlọ́pàá rí i níbẹ̀, wọ́n mú aláìṣẹ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sá lọ sí ilé kékeré kan lórí òkè, wọ́n sì fi ipá mú Rosie lọ pẹ̀lú wọn àti ìnàkí ńlá kan. Rosie bẹ Echo pé kí ó gba Hector là. Ó ṣèlérí pé bí ó bá lè ṣe é, òun kì yóò fi í sílẹ̀ mọ́. Echo gbà, ó lọ sí ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn tí ó lọ tán, Hercules fẹ́ kí òun àti Rosie kó ẹrù olè sá lọ. Tweedledee gbọ́, ó tú ìnàkí sílẹ̀. Hercules pa Tweedledee, ìnàkí sì pa Hercules. Ẹni tó bá da ilẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.

Nínú àwòrán, ìnàkí yìí ga tó ènìyàn. Ní tòótọ́, chimpanzee kékeré kan ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ó tóbi lójú, Harry Earles ni ó wọ aṣọ Echo, tí ó kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, tí ó sì dúró ti ẹranko náà. Aràrá ni wọ́n fi wọn gíga ọ̀bọ, òǹwòran kò sì fura.

Ohùn nínú ilé ẹjọ́

Ìpàdé ilé ẹjọ́ ni ọkàn sinimá náà. Echo fi ìwé kékeré ránṣẹ́ sí Hector pé kí ó máa mi ètè nìkan nígbà tí ó bá dé ibi tí ẹlẹ́rìí ń dúró sí, kí òun lè máa ti àárín èrò bá a sọ̀rọ̀. Hector ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: nínú sinimá tí gbogbo òṣèré ń mi ètè láìfọhùn, ọkùnrin kan ń mi ètè láìfọhùn ní tòótọ́, ẹlòmíràn ni ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà kò gba aláìṣẹ̀ là. Òtítọ́ tí ó gba ọ̀nà ẹ̀tàn wọlé kò lè fi ìdí múlẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, Echo dìde fúnra rẹ̀, ó fi ohùn ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Wọ́n dá Hector sílẹ̀.

Rosie padà wá láti mú ìlérí ṣẹ, Echo sì rí i pé Hector ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ̀fẹ̀ ni òun ń ṣe, ó jẹ́ kí ó lọ, ó sì gba ẹnu ọmọláńgidi dágbére fún un.

Ọjọ́ olóhun dà?

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹwòran ti da omi lójú nítorí Echo, ó sì tọ́ kí wọ́n mọ rírì iṣẹ́ Chaney. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àríwísí gbọ́dọ̀ béèrè ìbéèrè kan. Àwọn baba wa ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Nínú sinimá yìí, ọjọ́ olóhun dà? Ẹni tí ó ni ẹ̀gbà ti kú. Lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n pa á, sinimá náà kò tún fi bẹ́ẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó. Ojú àánú gbogbo wà lára olè tí ìfẹ́ ń dà láàmú. Echo fúnra rẹ̀, tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, tí ó kọ́ wọn ní ọ̀nà ilé Arlington, ni wọ́n dá sílẹ̀ lómìnira.

Yorùbá kò ní gbà bẹ́ẹ̀ láìjiyàn. Wọ́n ní ẹni gbépo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Echo kò sí níbi tí wọ́n ti pa Arlington, ṣùgbọ́n òun ni ó tẹ́ ọ̀nà. Ó dákẹ́ títí wọ́n fi mú aláìṣẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀bẹ̀ obìnrin ni ó mú un sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ọkàn nìkan. A lè sọ pé ìjẹ́wọ́ dára bí ó tilẹ̀ pẹ́. A tún lè sọ pé ìjẹ́wọ́ kò jí òkú. Iyàn yìí yẹ fún kíláàsì, nítorí pé apá méjèèjì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀ràn kejì ni ti aràrá. Sinimá náà jẹ́ kí a rí i pé ẹ̀gàn ni ó kọ́kọ́ bí Tweedledee nínú: ayé sanwó láti wò ó, wọ́n tún fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, ó sọ ọ́ di ìkà tí kò ní àánú, bí ẹni pé kíkúrú rẹ̀ ni ó bí ìwà ibi rẹ̀. Harry Earles ju èyí lọ. Òun àti àwọn arábìnrin rẹ̀ mẹ́ta fi iṣẹ́ òṣèré àti eré alárìnkiri jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún; ó wà nínú "Freaks" tí Browning ṣe ní ọdún 1932, ó sì tún wà nínú "The Wizard of Oz" ní ọdún 1939. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìwà tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òṣèré àti òṣèré fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ohùn dé

Sinimá náà ṣe dáadáa lọ́jà, nígbà tí ohùn sì dé, ilé iṣẹ́ náà tún un ṣe. Jack Conway ni ó darí ti ọdún 1930, Chaney àti Earles sì padà sí ipò wọn. Nínú èyí, ohùn Echo ni ó tú u fó: ohùn ìyá àgbà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu nílé ẹjọ́, wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin ni, ó sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ohun tí sinimá àkọ́kọ́ dárí rẹ̀ jì, èkejì jẹ ẹ́ níyà.

Chaney búra níwájú òfin, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé ohùn márùn-ún inú sinimá náà, títí kan ti ìyá àgbà, ti ọmọláńgidi àti ti ẹyẹ, tòun ni gbogbo wọn. Oṣù Keje ọdún 1930 ni sinimá náà jáde. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún náà, Chaney kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Sinimá kan ṣoṣo péré ni ayé ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù

Ìwádìí tí Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé nínú nǹkan bí 11,000 sinimá gígùn aláìlóhùn tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1912 sí 1929, ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún (14%) péré ni ó ṣì wà ní pípé ní irú fíìmù tí wọ́n fi kọ́kọ́ gbé e jáde. Nǹkan bí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún (70%) ti sọnù pátápátá. "London After Midnight" tí Browning àti Chaney ṣe ní ọdún 1927 wà lára àwọn tí ó sọnù. Iná tí ó jó ilé ìpamọ́ ilé iṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1960 ni ó jó ẹ̀dà ìkẹyìn tí a mọ̀. "The Unholy Three" yè é. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di ohun gbogbo ayé, tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lè wò, tí ó sì lè fi han ẹlòmíràn láìgba àṣẹ.

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wò ó, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ òkúta pupa náà gba ojú rẹ̀ bí ó ti gba ojú àwọn olè. Ènìyàn mẹ́ta ni ó kú nítorí ẹ̀gbà yẹn: ẹni tí ó ni ín, àti méjì nínú àwọn tí ó jí i. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn olè náà tí ó fi í sọ́rùn rí.